Àpò tí mo máa ń gbé lọ sílé Ìyá Ìbejì

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ Àìkú

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ń kọ́? Níbí o, òjò ò jẹ́ ká mí rárá, láti àárọ̀ ló ti ń rọ̀, aṣọ tí mo fọ̀ láti àná ò tíì gbẹ, mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mo ní ẹ jẹ́ n kọ ìwé sí ọ̀rẹ́ mi. Ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, inú mi dùn gan-an. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ẹ lóhùn torí ọ̀rọ̀ náà gùn, tó bá wà nínú ìwé wàá lè tún un kà lálẹ́ tó o bá fẹ́ di àpò.

O ní àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ jọ wà ládùúgbò ní Libreville, ní Gabon, ní kó o máa bá wọn mójú tó ọmọ wọn lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, o sì ní kí n sọ irú nǹkan ìṣeré tí wàá rà. Jọ̀ọ́, má tíì ra nǹkan kan.

Èmi náà, nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Ìbejì mójú tó àwọn ọmọ ẹ̀, ọjà Ouando ni mo kọ́kọ́ sáré lọ, mo ra mọ́tò oníke, mo ra bèbí, mo ra fèrè. Mo débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ torí Kútọnu ni ìyá wọn ti ń ra aṣọ, ní ọjà Dantokpa, ó sì fẹ́ tètè wọ takisí kí ọ̀nà tó dí. Táyé àti Kẹ́hìndé ń mu ògì lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n, Ìdòwú ń sùn, oṣù mẹ́wàá ló wà nígbà yẹn. Ni ìyá wọn bá ṣẹ́jú sí mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àánú wọn ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ má baà sunkún. Kẹ́hìndé gbójú sókè, kò rí i. Kò kọ́kọ́ sunkún o. Ó rọra gbé ife ògì ẹ̀ sílẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó lọ wo balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún padà lọ wo balùwẹ̀ yẹn náà. Ìgbà tó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni igbe bẹ̀rẹ̀, Táyé gbà á lẹ́nu ẹ̀, Ìdòwú jí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ké, mọ́tò oníke wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kankan ò wò ó. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, bí mo bá ti dìde pẹ́nrẹ́n, Kẹ́hìndé á ti dìrọ̀ mọ́ ìró mi.

Àtọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ìyẹn tí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, òun gan-an ni mò ń di àpò fún. Tẹ́ ẹ bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ á wá nǹkan tó máa fi ṣeré fúnra ẹ̀, ìkòkò àti ìdérí tó o fún un á pé wákàtí kan lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo bẹ Ìyá Ìbejì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa dágbére fún wọn, kí wọ́n sunkún níṣojú yín, ó sàn ju kí wọ́n máa wá yín kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, àmọ́ ó gbà. Ní báyìí, á kó wọn mọ́ra, á sọ fún wọn pé tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n pe ìrun màgàríbì ní mọ́sálásí, mo ti wà lọ́nà nìyẹn. Wọn ò mọ aago wò ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìpè yẹn dáadáa. Bó bá ṣe ń ti ilẹ̀kùn bọ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣí àpò.

Ohun tó máa ń wà lókè pátápátá ni ìborùn ìyá wọn. Mo máa ń sọ fún un pé kó má fọ̀ ọ́, kó wé e sùn ní alẹ́ méjì kó tó fún mi, torí ọmọ mọ òórùn ìyá ẹ̀, kódà ọmọ tí wọ́n bí láìtíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ mọ̀ ọ́n. Ìborùn yẹn ni mo máa ń tẹ́ sẹ́yìn ara mi kí n tó pọn Ìdòwú, kí n wá fi ọ̀já gbà á. Á máa ta ẹsẹ̀, á máa ta ẹsẹ̀, tó bá ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e báyìí á dákẹ́, á mí kanlẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá wá sùn, mi ò kì í fi ìborùn náà síbi tí mo tẹ́ ẹ sí o. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ló yẹ kó fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tí ò rọ̀ jù, kò gbọ̀dọ̀ sí aṣọ tàbí ìrọ̀rí nítòsí imú ẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn nìkan tá a ti ká etí ẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́ta, fún un lọ́wọ́ kó máa wọ́ ọ kiri ilé, kò séwu.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni páálí. O rántí pé Kétu ni ìyá mi ti wá, ibẹ̀ la ti máa ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Páálí bisikíìtì ni mo máa ń gé bí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n máa dé sórí bíi fìlà. Mo ti ya ojú, imú àti gèlè sí i láti ilé, mo ti so rọ́bà mọ́ ọn, ó ku kí wọ́n kùn ún. Mo ti gbìyànjú kí n kó bébà funfun lásán fún wọn, kò ṣiṣẹ́, torí ẹni tí omijé ṣì wà lójú ẹ̀ ò ní lè ronú ohun tó máa yà. Àmọ́ tó o bá gbé ohun tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tó ku díẹ̀ fún un, ọwọ́ ẹ̀ á kàn lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Táyé kun tiẹ̀ ní búlúù látòkè délẹ̀, ó ní ìyá òun ni, aṣọ búlúù ló wọ̀ jáde láàárọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì sọ fún un nígbà yẹn pé àwọn ìyá wa gan-an ni wọ́n ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí, fúnra ẹ̀ ló débẹ̀. Ohun tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, gbé orúkọ ẹ̀ sókè láti 2001, ọmọ wa ò gbọdọ̀ má mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ ìbejì, méjì-méjì ni ohun gbogbo o, páálí méjì, kíréyọ́nù méjì tí àwọ̀ wọn jọra. Kẹ́hìndé sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú tiẹ̀ torí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá bàbá wọn pé òun lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé jáde kó lọ tọ́ ayé wò.

Kí n sọ èyí fún ẹ, Ìyá Ìbejì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà kan mo gbé ọpọ́n ayò bàbá mi lọ, èyí kékeré yẹn, ihò 12, ọmọ ayò 48, mo ní kí àwọn ìbejì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́rin-mẹ́rin. Ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ń kà, wọ́n ń dà á nù, wọ́n tún ń ṣà á. Mo kàn yíjú, mo rí Ìdòwú tó jókòó sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ là, ojú ẹ̀ ń pọ́n, kò sí ohùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò sí ohùn rárá. Nọ́ọ̀sì kan ti fi hàn mí rí, Ọlọ́run ló ní kí n wò ó dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo dà á dojú bolẹ̀ lórí apá mi, mo jẹ́ kí orí ẹ̀ wálẹ̀ ju ìdí lọ, mo fọwọ́ di àgbọ̀n ẹ̀ mú, mo wá fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ìkẹrin ni ọmọ ayò fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó figbe ta. Mi ò gbọ́ igbe ọmọ tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní márùn-ún pé tí kò jáde, ṣe ni mi ò bá yí i kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n fi ìka méjì tẹ àárín àyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí n tún padà sí ẹ̀yìn. Má sì ti ìka bọ ọ̀fun ọmọ láti wá ohun tó ò rí, ó lè tì í wọlé sí i. Ti ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ bíi tìẹ yàtọ̀ díẹ̀, ikùn lókè ìdodo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ dípò àyà, jọ̀ọ́ wá nọ́ọ̀sì kan kó fi hàn ẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní nǹkan kan, mo padà wálé mo ka ọmọ ayò náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkàn mi tó gbà pé 48 ló pé. Nígbà tí ìyá wọn dé, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ míì ni mo sọ fún un. Ìdòwú tí wọ́n ń pè ní èṣù lẹ́yìn ìbejì yẹn, kì í ṣe èṣù kankan, ọmọ ni, ohun tó bá rí ló máa gbé sẹ́nu, èmi ni mo gbé e síwájú ẹ̀.

Nítorí náà, páálí róbótó tó máa ń kù tí bébà balùwẹ̀ bá tán, mú ọ̀kan dání. Ohunkóhun tó bá lè wọnú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ọmọ tí ò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹ̀pà àti kúlíkúlí náà kò sí nínú àpò mi mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń mú. Oyin pẹ̀lú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ lá a.

Àwọn tó kù, wàá ti mọ̀ ọ́n: Pampers, aṣọ méjì lé, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì. Mo ní kàyé kékeré kan, ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, àti bíìkì tí mo fi ń kọ ọ́, ibẹ̀ ni mo kọ nọ́ńbà ìyá wọn sí, ti àbúrò ẹ̀ tó wà nítòsí, àti ìwọ̀n kílò ọmọ kọ̀ọ̀kan torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ iye Paracetamol. Oògùn tí ìyá ò bá kọ sínú kàyé yẹn pẹ̀lú aago, mi ò lò ó. Ṣúgà àti iyọ̀ ò kì í wọ́n nílé ẹnikẹ́ni, tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó ṣe rẹ́gí, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àsìkò kejì tó le ni ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, àwọn ìbejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé takisí ò tíì kúrò ní Kútọnu. Kò sí ohun tí mo lè mú nínú àpò fún ìyẹn, àlọ́ ni. Màá ní òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kí ni o? Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n Táyé á ní kí n tún un pa, á wá fi ìka kan ojú ara ẹ̀ níbi tí tìróò ń wà. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, o ní Faransé nìkan ló ń gbọ́, tí àwọn òbí ẹ̀ sì ń fẹ́ kó gbọ́ èdè wa. Má kọ́ ọ bí ilé ìwé. Pàlọ́ fún un nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá ń wo ẹnu ọ̀nà, ohun tó bá gbọ́ lásìkò yẹn ò ní kúrò lára ẹ̀.

Béèrè àwọ̀ aṣọ tí ìyá ẹ̀ fẹ́ràn jù lọ́wọ́ ẹ̀, kó o sọ fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ̀ wá sí Libreville lóṣù tó ń bọ̀, mo ti gé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kíréyọ́nù àwọ̀ yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní Àjàṣẹ́