Ẹ bá wa pa iná etíkun lálẹ́, nítorí àwọn ọmọ ìjàpá òkun

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn tó nílé ńlá àti ilé ìgbafẹ́ létíkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí á ti rí i kà, torí àwọn gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹta mi rèé láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ìtẹ́ ìjàpá òkun. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa, fínnúfẹ́dọ̀ la fi ń ṣe é, apẹja méjì, ìyá kan tó ń yan ẹja tà, àti èmi tí mò ń ta símẹ́ńtì. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta, aago 5 ìdájí la ti máa ń wà létí omi, kí ẹsẹ̀ èèyàn tó pa ojú iyanrìn rẹ́. Ipa tí ìyá ìjàpá fi sílẹ̀ nígbà tó wọ́ jáde lá à ń wá, ó máa ń dà bíi pé táyà katakátà ló gbabẹ̀ kọjá. Tá a bá ti rí i, a ó tẹ̀ lé e débi tó ti gbẹ́lẹ̀, a ó ri igi mẹ́rin yí i ká, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó kọ déètì sínú ìwé. Tó bá jẹ́ ibi tí ìgbì lè dé ló yé sí, kíá la ó kó ẹyin náà lọ sókè, a ò sì gbọdọ̀ yí i po lọ́wọ́, torí tá a bá yí i po ọmọ inú ẹ̀ lè kú. Ẹyin ọ̀hún funfun, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ó máa ń tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ó lè tó 100 nínú ihò kan.

Mo ti rí ìyá kan tó ń yé lóru. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ iyanrìn, ọ̀tún, òsì, bí ẹni ń fi ìgbákọ bu àmàlà, omi sì ń dà lójú ẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ẹkún, iyọ̀ òkun ló ń dà nù lára, àmọ́ ìyá ẹlẹ́ja wa ní, "Obìnrin tó ń rọbí lẹ̀ ń wò yẹn, ẹ panu mọ́." Gbogbo wa dákẹ́. Àlọ́ Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo la fi dàgbà, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé inú òkun, ọ̀pọ̀ wa ò rí i rí àfi èyí tí wọ́n ti pa.

Ẹyin náà á lò tó oṣù méjì nínú iyanrìn. Alẹ́ lọmọ máa ń jáde, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń darí wọn. Láti ìgbà láéláé, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lábẹ́ igi àgbọn á ṣókùnkùn, nítorí náà ọmọ tó bá tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ ti dómi nìyẹn. Ní báyìí ńkọ́?

Lọ́dún tó kọjá, a ṣọ́ ìtẹ́ kan fún ọjọ́ 53. Ìdájí ọjọ́ kẹrìnléláàádọ́ta, a bá ihò náà tó ti ṣí, inú wa ń dùn, à ń wo ipa ẹsẹ̀ wọn wẹ́wẹ́ lórí iyanrìn, àfi bá a ṣe rí i pé gbogbo ẹ̀ kẹ̀yìn sómi. Ilé kan tí wọ́n gbé iná ńlá mẹ́fà kọ́ sára ògiri ẹ̀ ni wọ́n darí sí. Inú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn la ti bá wọn, èèrà ti bò wọ́n lójú, akàn ti gbé àwọn míì lọ. Wọn ò gùn tó ìka mi. Mọ́kànlá péré ló ṣì ń mí, a gbé wọn débi ìgbì, a jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé níbẹ̀, a ò ní kẹ́ ẹ jókòó sókùnkùn. Ẹ yí ojú iná kúrò lápá òkun, ẹ fa kọ́tìnnì bo wíńdò tó kọjú sómi, ẹ lo iná tó pọ́n dípò èyí tó funfun gbòò, kẹ́ ẹ sì pa ti ìta tó bá ti di aago 9. Ẹ dákun, ẹ má wa jíìpù lórí iyanrìn mọ́, ìtẹ́ lẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti àwọn apẹja yàtọ̀. Ẹni tí ìjàpá há sí àwọ̀n ẹ̀, tó bá gé àwọ̀n kó lè bọ́, owó ọjà ẹ̀ ló gé yẹn, ebi ò sì gbọ́ ìwàásù. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ṣe àdéhùn ní Abidjan pé àwọn orílẹ̀-èdè etíkun Áfríkà tó wà lápá Àtìláńtíìkì á dáàbò bo ìjàpá òkun. Ó yẹ kí ìjọba máa fi owó àwọ̀n náà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Etíkun tí abo ìjàpá bá ti jáde látinú ẹyin ló máa ń padà wá yé sí, lẹ́yìn ọdún 10, 15, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó kú sínú gọ́tà lónìí ò ní padà wá.

A ti tún rí ìtẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan ńbẹ níwájú ilé oníná mẹ́fà yẹn gan-an, a ti ri igi yí i ká. Tí kò bá sí ìdíwọ́, ìparí oṣù tó ń bọ̀ lọmọ máa jáde nínú ẹ̀. Ẹ̀yin onílé, tẹ́ ẹ bá rí i kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná yẹn lálẹ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ ìtẹ́,
Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Ìpínlẹ̀ Èkó