Kí Ìlú Sọ Owó Orí Rẹ̀ fún Àlejò Kó Tó Kó Ẹrù Dé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìròyìn yín kì í dákẹ́ lórí owó ilé, ilé-ìwé àti ojú ọ̀nà fún àwọn tó fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, a sì ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ owó orí ìbílẹ̀ nìkan ni mi ò rí i kí ẹ fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀, owó orí wà lára ohun tí ilé ń ná ènìyàn, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì í mọ iye rẹ̀ títí ìwé owó náà yóò fi bá wọn nílé.

Ta ló ń san án, onílé ni àbí ayálégbé? Ẹni tó ti ibi tí onílé ti ń san án wá kò ní rántí béèrè. Bó bá kó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń gbé inú ilé gan-an ni káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, sábà máa ń bi ní owó náà, ì báà jẹ́ pé ó yá ilé náà gbé ni. Ìpele A dé H ni wọ́n pín ilé sí, ohun tí wọ́n sì fi ń pín in ni iye tí ilé ọ̀hún ì bá tà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1991, kódà bó jẹ́ èṣí ni wọ́n kọ́ ọ. Iye tí ilé ń tà lónìí kò wá lè sọ iye owó orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ìwé owó náà dáadáa. Lẹ́tà ìpele ilé wà níbẹ̀, wọ́n sì to owó náà ní ìlà ìlà: èyí tó jẹ́ ti káńsù, èyí tó jẹ́ ti ọlọ́pàá, ti panápaná náà ní ọ̀pọ̀ àgbègbè. Ìgbà mẹ́wàá láàárín ọdún ni wọ́n sábà máa ń pín sísan rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè lè san án ní ìgbà méjìlá, kí ó lè fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá ń dá gbé ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó 25%. Ẹni tí kò bá sọ fún káńsù pé òun ń dá gbé lè máa san gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí ló ká mi lára jù lọ, nítorí ẹni tí ẹ̀dínwó náà yóò ràn lọ́wọ́ jù ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnì kan, tí owó rẹ̀ sì ti tán sórí kíkó ẹrù. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá kó jáde láàárín oṣù, ibẹ̀ ni tirẹ̀ dúró sí, bó bá ti sọ fún wọn. Ní Jàpánì, ìlú tí ènìyàn ń gbé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló ni owó orí olùgbé ti ọdún náà. Kó lọ ní ọjọ́ kejì, ìlú àtijọ́ náà ni yóò ṣì san án fún. Owó tó wọlé fún un ní ọdún tó kọjá ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ lọ síbi tí owó oṣù ti kéré yóò rí ìwé náà gbà ní oṣù kẹfà, iye iṣẹ́ àtijọ́ ni yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé, kí ó má gbára lé ìwé owó orí tí ajẹ́ńtì bá fi hàn án. Ní California, láti ìgbà tí àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí òfin kan ní 1978, iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí ilé kì í fi ju 2% lọ gòkè lọ́dún, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá tà á ni wọ́n sábà máa ń tún un díwọ̀n sí iye ọjà. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn lè máa san díẹ̀, kí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ máa san ìlọ́po rẹ̀. Ìwé mìíràn tún ń bọ̀ lọ́tọ̀ fún ìyàtọ̀ náà, ó sì máa ń bá ẹni tó rò pé báǹkì tó yá òun lówó ra ilé ti ń bá òun san gbogbo rẹ̀ lójijì.

Àwọn kan yóò ní òfin kò pamọ́, kí kálukú lọ kà á. Níbo ni yóò ti kà á? Ọ́fíìsì kan ló ní ti ilé, òmíràn ló ní ti owó tó ń wọlé, èdè òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń wá kò lè béèrè rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: ẹni tó ń san, ọjọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó àti ibi tí wọn yóò ti béèrè. Ọjọ́ tí àlejò bá wá fi orúkọ sílẹ̀ ni kí wọ́n fún un. Kí wọ́n sì fi bí ènìyàn ṣe ń pa àkáǹtì owó orí rẹ̀ ní ìlú àtijọ́ dé kún un, kí ìlú méjì má baà máa bi ènìyàn kan ní owó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá akápò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná, kí ẹ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lójú ewé tí ẹ fi ń polówó ilé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín