Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ti sọnù ní àwọn láíbìrì wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ ìtàn ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo sì ń gbé. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn tí mi ò lè gbé mì, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ní yunifásítì, ẹjọ́ ààlà kan tó ti pẹ́ láàárín abúlé méjì ló fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo mọ ibi tí ìwé ẹjọ́ náà wà, torí mo ti jókòó kà á ní 1987 nígbà tí mo ń wá ohun tí màá fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwa méjèèjì jọ wọkọ̀ lọ sí láíbìrì náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n gbé fáìlì jáde fún wa. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ wà bó ṣe wà, okùn tí wọ́n fi dì í kò tú. Àfi bí a ṣe ṣí i tí a ka ojú ìwé 14 tán, ojú ìwé 23 ni a bá níwájú. Ojú ìwé mẹ́jọ ti lọ. Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́, eku kọ́. Etí ìwé tó kù níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀ gún régé. Abẹ ni wọ́n fi gé e.

Mo pe òṣìṣẹ́ tó gbé e wá. Ọmọkùnrin náà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pariwo ẹ̀. Tó bá détí ọ̀gá, àwa la máa jìyà ẹ̀." Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di fáìlì padà, ó so okùn rẹ̀, ó sì gbé e lọ síbi tó ti mú un wá. Kò sí ìwé kankan tí ó kọ ọ́ sí. Ẹlòmíràn tó bá dé lọ́la yóò rò pé bí fáìlì náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ ohun tó wà nínú ojú ìwé mẹ́jọ yẹn, nítorí mo ti kà á. Ẹ̀rí àwọn àgbà ni. Ta ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ìrókò wo ni ààlà, odò wo ni abúlé méjèèjì jọ ń pọn. Gbogbo àwọn tó jẹ́rìí yẹn ti kú. Ìwé nìkan ló kù tó lè sọ ohun tí wọ́n sọ.

Nílẹ̀ òkèèrè, ẹni tó bá jí ìwé àtijọ́, owó ló ń wá. Ní 2005, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò máàpù kan tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ti mọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán, jẹ́ kí abẹ já bọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan rí abẹ náà, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Nígbà tí ó jẹ́wọ́, máàpù 97 ló ní òun ti jí ní oríṣiríṣi láíbìrì. Ní tiwa níbí, ọjà kọ́ ni ìwé ń bá lọ ní gbogbo ìgbà. Ilẹ̀ àti oyè ni. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọba bá wàjà. Gbogbo ìdílé ọlọ́mọọba á máa wá ohun tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ sílẹ̀ láyé òyìnbó nípa ìdílé tó ń jọba àti èyí tí kì í jẹ. Ẹni tí ìwé bá gbè á ṣe fótòkọ́pì. Ẹni tí kò bá gbè, mo gbà pé òun ló ń mú abẹ bọ àpò. Olè yẹn kò nílò oníbàárà kankan. Kí ìwé ṣáà ti má sí mọ́ ni èrè rẹ̀.

Àwọn kan lè ní ọ̀dọ̀ àwọn àlejò nìkan ló yẹ ká ti máa ṣọ́ra. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Láíbìrì Carnegie ní ìlú Pittsburgh, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ yàrá àwọn ìwé iyebíye gan-an ló ń kó wọn jáde fún nǹkan bí ọdún 25, tí ó ń tà wọ́n fún ọlọ́jà ìwé kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Owó ohun tó sọnù tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ọlọ́jà náà sì bá a dé kóòtù. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé láti 1991 títí di 2017, ẹnikẹ́ni kò ka iye ìwé inú yàrá náà. Ọjọ́ tí wọ́n kà á ni wọ́n mọ̀.

Ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kékeré méjì tí Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n gbé jáde ní 2000 kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní 2001, wọn kò rí i mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé bóyá ẹnì kan ṣì í tò sí ibòmíràn ni. Ní 2020, ọ̀gá tuntun tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n wá a kanlẹ̀. Nígbà tí wọn kò rí i, ó jáde, ó sọ fáyé gbọ́ pé wọ́n ti jí i, ó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Kò pé ọdún méjì tí ẹnì kan fi gbé báàgì kan tó ní àwọ̀ píńkì sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì láíbìrì. Ìwé méjèèjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpòòwé tí wọ́n fi kí olùtọ́jú láíbìrì kú ọdún Àjíǹde. Ogún ọdún tí wọ́n fi dákẹ́, ìwé kò padà. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ló padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn alákòóso láíbìrì àti ilé ìpamọ́ ìwé jákèjádò Èkìtì, tìjọba, ti iléèwé àti ti ìjọ: ẹ ka iye ohun tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì lẹ orúkọ ohun tí ẹ kò rí mọ́ pátákó ìkéde níta. Ẹ má wò ó bí ìtìjú. Ẹ má sì fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá wá sọ fún yín pé ìwé ti dín, torí ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń bo olè láṣìírí. Bí ẹ bá gbé fáìlì fún èèyàn, ẹ ka iye ojú ìwé rẹ̀ lójú onítọ̀hún, kí ẹ tún un kà nígbà tó bá dá a padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, tí Dókítà Obadiah àbúrò rẹ̀ fi tún ìwé náà kọ, ni ó fi jáde ní 1921. Ká ní kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ńkọ́?

Ní 1987, láíbìrì tí mo sọ yìí kò ní ẹ̀rọ fótòkọ́pì. Ọwọ́ ni mo fi da ìwé ẹjọ́ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì ṣì wà nínú àpótí mi. Mo ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi. Abúlé méjèèjì ni mo fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí, kí wọ́n jọ pín in kà. Èyí tó kù, ti láíbìrì náà ni, mo sì ń mú un bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni rìsíìtì tí wọ́n kọ iye ojú ìwé rẹ̀ sí: 31.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.