Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé igi ìlù sílẹ̀

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ràn àlàyé gígùn lórí fóònù, pàápàá tó bá ti jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìlù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ máa rántí ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì, tí à ń ti Òṣogbo bọ̀, tí mo fi orin kan sí i nínú mọ́tò. Kò tíì lo ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ fi nawọ́ pa á. Ẹ ní jáàsì lorin tí wọ́n ń fi sí i ní hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn tó ń jẹun má baà máa gbọ́ ìró ṣíbí ara wọn. Mi ò bá yín jiyàn, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ orin náà rọ̀ lóòótọ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ ò dúró de ibi tó ti yí padà. Ibi tó ti yí padà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Mahavishnu Orchestra. Èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n, wọn ò ní akọrin, ohun èlò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n kóra jọ ní New York, kò sì sí méjì nínú wọn tí wọ́n bí sí ìlú kan náà. John McLaughlin tó ń ta gìtá, tó sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ Doncaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Jerry Goodman, onífáyólìn, Chicago ni tiẹ̀. Rick Laird tó mú béèsì, Dublin. Jan Hammer tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, Prague ló ti wá, ó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Soviet wọ ìlú náà ní 1968. Onílù wọn, Billy Cobham, Panama ni wọ́n bí i sí, New York ló dàgbà sí. McLaughlin àti Cobham ti bá Miles Davis, àgbà olórin jáàsì, ṣiṣẹ́ rí, ilé jáàsì gan-an ni wọ́n ti jáde wá. Ẹni tó bá torí ìyẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó jókòó, tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá òun.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. McLaughlin ń tẹ̀lé olùkọ́ ẹ̀mí ará Íńdíà kan nígbà náà, Sri Chinmoy, òun náà ló sọ ọ́ ní Mahavishnu. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀ bọ́ sí orí ìtàgé. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á bẹ àwọn èèyàn pé kí gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èrò tó kún inú gbọ̀ngàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó máa ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, á sì dákẹ́. Aṣọ Ọbàtálá, ìdákẹ́jẹ́ Ọbàtálá. Ìgbà tí ìlù bá wá balẹ̀, Ṣàngó ló wọlé.

Èmi ò sí níbẹ̀, wọn ò tíì bí mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ kò yé sọ ọ́ títí di òní, nǹkan kan náà ló sì máa ń wà nínú ẹ̀rí wọn: wọn ò retí pé ó máa wúwo tó bẹ́ẹ̀. Fáyólìn kẹ̀! Ta ló rò pé fáyólìn lè mi ilẹ̀ tìtì? Àwo orin wọn kejì, tó jáde ní 1973, dé ipò kẹẹ̀ẹ́dógún lórí ìwé Billboard, tó ń to àwọn àwo orin tó ń tà jù lọ ní Amẹ́ríkà, láàrin àwọn olórin tí gbogbo ayé ń kọ orin wọn mọ́ wọn lẹ́nu, nígbà tí kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn lè kọ nínú tiwọn. Orin tó ṣáájú lórí àwo náà, méjìdínlógún ni kíkà rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ máa ka méjìdínlógún, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíì sì máa fò lórí rẹ̀ bí iná. Àwọn èèyàn ń jó sí i.

Èyí tẹ́ ẹ pa nínú mọ́tò, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Central Park, New York, ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní gbangba, lójú èrò. Orin mẹ́ta péré ló wà lórí àwo náà, èyí tó kẹ́yìn nìkan lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ ọ padà ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, tí kò sí ẹni tó tíì tan jẹnẹrétọ̀. Mo ki yíàpíìsì bọ etí, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀. Gìtá àti fáyólìn ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, béèsì gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sì jáwọ́ nínú ẹ̀, ìlù ń rọ́ wọlé láti ẹ̀yìn. Kí n tó mọ̀, ó ti dé ibì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gìtá àti ìlù nìkan ló kù, tí McLaughlin àti Cobham dojú kọ ara wọn. Mo dìde jókòó. Bọ̀ọ̀dá, mo dìde jókòó nínú òkùnkùn, mo sì di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Ẹ̀yin ló yẹ kó gbọ́ ohun tí Cobham ń ṣe níbẹ̀, ju èmi lọ. Ìlù ńlá méjì ló ń fẹsẹ̀ lù, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ló fi ń lu hi-hat, àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn, kì í gbé ọwọ́ kan kọjá lórí èkejì bí ọ̀pọ̀ onílù ti máa ń ṣe, nítorí náà àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọwọ́ méjèèjì sì ráyè lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin ológun Amẹ́ríkà rí, èèyàn sì máa gbọ́ ọ nínú bí ìró snare rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀, ṣe ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn láìsí èyí tó ṣìnà. Ó ń lu ú kíkankíkan, síbẹ̀ ẹ máa gbọ́ èyí tó kéré jù lọ nínú wọn ketekete. Gìtá tó kọjú sí i, ọlọ́rùn méjì ni, okùn méjìlá lórí ọ̀kan, mẹ́fà lórí èkejì, ẹ̀rọ agbóhùnga Marshall ló sì ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, tó fi ń ya bí aṣọ. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà o. Ẹ máa gbọ́ ọ pé wọ́n ń gbé nǹkan kan tó wúwo pọ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá gbé ọ̀pó ilé léjìká, tí ọ̀kan ò gbọdọ̀ yára ju èkejì lọ.

Nǹkan kan wà tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba àwọn orin mẹ́ta wọ̀nyẹn sílẹ̀ nínú sítúdíò ní London, ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ṣùgbọ́n àárín wọn ti ń dàrú, àwọn yòókù fẹ́ kí orin tí àwọn náà kọ ráyè, iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀ di ọdún 1999 kó tó jáde. Mo gbọ́ ti London, mo gbọ́ ti Central Park tẹ̀ lé e. Ti London mọ́, ó já gaara. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Central Park ni màá mú láìronú. Orin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, oṣù méjì péré ló wà láàrin wọn. Èrò ló kún un. Èèyàn ń gbọ́ ọ pé ariwo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń bọ́ sára àwọn tó wà lókè, tí àwọn tó wà lókè náà sì ń jù ú padà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà kan pé onílù tó bá ń lùlù láìwojú oníjó, igi ló ń lù.

Bọ̀ọ̀dá, mo ti ń sún mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n díẹ̀.

Mo wà ní ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tẹ́ ẹ lùlù gbẹ̀yìn. Ọdún méje ti kọjá, ṣùgbọ́n mo ṣì lè ya àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ti dé ìpele tó kẹ́yìn nínú orin ìyìn, ẹ sì lu nǹkan kan tí mi ò gbọ́ lọ́wọ́ yín rí, tí ẹ mú ọ̀nà ìyáàlù bàtá bọ inú dírọ́ọ̀mù òyìnbó, tó fi jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà tó wà níwájú dìde láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Ìdákẹ́jẹ́ bo inú ilé nígbà tẹ́ ẹ parí. Ọkùnrin tó wà lórí pẹpẹ wá gba gbohùngbohùn, ó ní, “Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.” Ó ní ìsìn kọ́ lojúbọ Ṣàngó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ mi orí, ẹ lu èyí tó kù jẹ́jẹ́ títí ìsìn fi parí, ẹ to igi ìlù méjèèjì sórí snare ní ìbú, ẹ jáde. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ò ṣàlàyé. Ẹ kàn ò jókòó síbẹ̀ mọ́. Tí èèyàn bá bi yín, ẹ máa ń ní iṣẹ́ ti pọ̀.

Mo bínú fún yín, torí ẹ̀yin kò bínú. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rò pé ẹ gbà á gbọ́. Ẹ gbà pé ohun tó wúwo lọ́wọ́ yín kò lè jẹ́ ìjọsìn.

Ìdí tí orin yìí fi gbá mi mú nìyẹn. Ọkùnrin tó gbàdúrà kó tó ta gìtá, tó wọ funfun, tó ní kí èèyàn dákẹ́, òun ló gbé ìlù tó wúwo jù lọ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò ní kí Cobham rọra. Ó gbé ìdákẹ́jẹ́ ṣáájú, ó gbé àrá tẹ̀ lé e, ìkan kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èkejì. Èmi ò tẹ̀lé ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìjọsìn tí mo bá gbọ́ ọ, mo sì ti gbọ́ ọ rí kí n tó mọ orúkọ Mahavishnu, láti ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn.

Àwọn kan máa ní ariwo lásán ni. Kì í ṣe ariwo. Ariwo pọ̀ láyé, sípíkà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta síìdì láyé ọjọ́un ń pariwo, kò wúwo. Ẹ tẹ́tí sí Rick Laird. Nígbà tí àwọn mẹ́rin yòókù bá ń fò sókè, òun kò fò. Ó di ìpìlẹ̀ mú, ohùn mẹ́ta, ohùn mẹ́rin, ó ń yí i po, bí ẹni tó ń lu omele tó mọ̀ pé tí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà báyìí, ìyáàlù máa ṣubú. Òun ni mo máa ń ṣàánú jù, torí pé ojú gìtá àti ìlù ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ó fi orin sílẹ̀ nígbà tó yá, ó di oníṣẹ́ fọ́tò, ó sì kú ní 2021. Láìsí i, ìwúwo yẹn kò ní ibi tó máa jókòó lé.

Wọn ò pẹ́. Kí ọdún 1973 tó parí ni àwọn márùn-ún yẹn tú ká, ọdún méjì àti àbọ̀ péré. Jeff Beck tó jẹ́ àgbà nínú títa gìtá rọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Jan Hammer ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, torí ohun tó gbọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn onílù ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Cobham títí di òní.

Igi ìlù yín wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò sọ fún yín rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà tí wọ́n ń kó àga, mo padà lọ mú wọn lórí snare, mo fi wọ́n sínú àpò ìwé orin mi. Ọ̀kan ti ya díẹ̀ lẹ́nu, ibi tó máa ń bá etí snare ni. Mo ti fi wọ́n pamọ́ ní Mọ́kọ́lá fún ọdún méje, mo ń sọ fún ara mi pé tẹ́ ẹ bá bèèrè, màá kó wọn fún yín, ẹ ò sì bèèrè.

Mò ń bọ̀ ní Òṣogbo ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Màá gbé sípíkà ńlá tí mo yá bọ̀, torí yíàpíìsì kò lè gbé e dé àyà bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ ká jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn oúnjẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa rọ̀, ẹ ti mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.

Àbúrò yín