Ìkéde: Sàká àti sàárà fún àwọn tí omíyalé bá

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Óṣogbo.

Omi ti fà, ṣùgbọ́n ìyà ṣì wà nílẹ̀. Ìrẹsì àti gààrí tí a pín lọ́jọ́ kìíní ti tán. Gbèsè ló kù. Aláàdìrẹ tí omi ba aṣọ àti aró rẹ̀ jẹ́ ṣì ń san owó alájẹṣẹ́kù tó fi rà wọ́n. Onígbèsè bẹ́ẹ̀ wà lára irú ènìyàn mẹ́jọ tí Alùkùráánì ní kí a fún ní sàká, ìtọrẹ tó jẹ́ ọ̀ranyàn (Súrátù Táobà, ẹsẹ 60). Tèmi ni pé gbèsè ni kí sàká wa kọ́kọ́ san, kí wọ́n lè padà sẹ́nu ọjà.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye gíráàmù wúrà 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ̀, náírà 25 ni yóò yọ nínú 1,000. Sàárà, ìtọrẹ àtinúwá, kò ní gbèdéke. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí sílẹ̀ nínú rẹ̀; omi kan náà ló wọlé wa.

Ẹ kó o fún akápò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ bá wa dárúkọ ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ní ìkọ̀kọ̀ la ó ti fún un.