Ta ló sá fún oògùn?

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ń tú àpò ata lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nígbà tí ọ̀gá kan bọ́ sórí rédíò. Ó ní àwọn tó ní ikọ́ ife tí oògùn kò ràn mọ́, alágídí ni wọ́n, pé wọ́n ń sá fún ìtọ́jú, wọ́n sì ń kó o ran ará ìlú. Díẹ̀ ló kù kí n ju rédíò náà sí gọ́tà. Sá fún oògùn kẹ̀? Ta ló sá?

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù jẹun wà lára àwọn tí ọ̀gá náà ń bú. Ikọ́ ife lásán ló kọ́kọ́ jẹ́, oògùn oṣù mẹ́fà. Nígbà tó di oṣù kẹta, ara rẹ̀ mókun, ó pa oògùn tì, ó padà sídìí búlọ́ọ̀kù, torí ọmọ mẹ́ta ń wò ó lójú. Mo gbà, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n ní kòkòrò náà ò gbọ́ràn sí rifampicin, olórí oògùn ikọ́ ife, lẹ́nu mọ́, ojoojúmọ́ ló ń lọ gbé oògùn mì lójú nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ méjì àti ọ̀kadà kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà àlọ àtàbọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́! Àwọn tó ń bójú tó ìtọ́jú náà ṣèlérí owó ọkọ̀ lóṣooṣù. Ti oṣù àkọ́kọ́ wọlé. Títí dòní, a ò rí ti ìkejì àti ìkẹta. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ má sọ fún mi pé torí Amẹ́ríkà fawọ́ ìrànlọ́wọ́ sẹ́yìn lọ́dún 2025 ni. Epo tí wọ́n ń rọ sínú jíìpù wọn ò dúró.

Ìbàdàn wa yìí, ní ilé ìwòsàn UCH, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ ife tí oògùn kò ràn mọ́ yìí ní Nàìjíríà lọ́dún 2010. Nígbà náà, nǹkan bí ogún oṣù ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń di ẹlòmíràn létí. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ aláìsàn lè fi oṣù mẹ́fà parí ẹ, oníhóró ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń já bọ́ lójú ọ̀nà, agídí sì ni wọ́n ń pè é!

Ebi ni. Ó yẹ kí oúnjẹ wà nínú ẹni tó fẹ́ lo bedaquiline àti pretomanid, tí wọ́n wà lára oògùn tuntun náà, kí ara tó lè gbà á dáadáa. Nọ́ọ̀sì á bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Àbúrò mi á ní òun ti jẹun. Irọ́ ni. Yóò gbé e mì, yóò sì bì í kó tó dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Nígbà tó ṣe é títí tó sú u, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò lọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní alágídí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kò sí ilé ìwòsàn tí ẹlẹ́kọ kò sí níwájú rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún aláìsàn ní káàdì, kí wọ́n má kọ orúkọ àrùn kankan sí i lára. Kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ, kó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín méjì, kí ìyá náà fàlà sí káàdì, kó tó kọjá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sanwó fún ìyá ẹlẹ́kọ ní tààrà, kó má gba àpò ọ̀gá kankan kọjá. Tí ẹlẹ́kọ bá ń bẹ̀rù àwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń gbà ràn, ewé ṣáà ni wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sí.

Kí wọ́n san owó ọkọ̀ lásìkò. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà máa gba oògùn nítòsí ilé.

Àbúrò mi ti padà sẹ́nu oògùn. Èmi fúnra mi lọ bá ẹlẹ́kọ ibẹ̀, ó ń tà á fún un láwìn, mo sì ń san án lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn mẹ́rin míì ń bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn láràárọ̀. Kí ọ̀gá orí rédíò wá san tiwọn.

Aláta kan,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.