Àbẹ̀kẹ́, Má Fi Ara Olára Kọ́ Abẹ́rẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ohùn rẹ ń já, mi ò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Kà á tán kí o tó fèsì.

O ní ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti fóòmù ni wọ́n kó síwájú yín ní kíláàsì iṣẹ́ abẹ awọ ara, pé kí ẹ máa gé e, kí ẹ máa rán an, bí ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín síyẹn. Ohun tí o sọ tẹ̀ lé e ni kò pa mí lẹ́rìn-ín: pé ọ̀rẹ́ rẹ kan, dókítà tuntun tó ń ṣe háúsì jọ́ọ̀bù, máa ń jẹ́ kí àwọn sítúdẹ́ǹtì wá rán ojú ọgbẹ́ lóru nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí, pé ìwọ náà fẹ́ lọ kí ọwọ́ rẹ lè tètè mọ́ ọn. Ọmọ mi, má lọ.

O mọ àpá tó wà lápá àbúrò mi, Bọ̀dá Kékeré yín? Ẹ rò pé ọgbẹ́ yẹn ló burú. Kò burú rárá. Àdá ló yọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóko nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14. Ojú ọgbẹ́ náà tọ́ gbọọrọ, ó mọ́, kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ẹni tó wọ aṣọ funfun tó dá wa lóhùn níbi tí a gbé e lọ kò tíì rán ènìyàn rí, kò sì sọ fún wa. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Mo di àbúrò mi mú, mo ń wo bí ọwọ́ ọmọkùnrin náà ṣe ń gbọ̀n. Ìka ló fi mú abẹ́rẹ́. Ó fa okùn náà títí etí ọgbẹ́ fi yí sínú, tó sì funfun. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí a ó padà wá yọ ọ́, nítorí náà okùn wà lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó ṣẹ́kù ni èyí tí ẹ mọ̀: ìlà gbọọrọ pẹ̀lú àwọn ìlà kéékèèké tó dá a lábùú bí ojú irin rélùwéè, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó di kílọ́ìdì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ aṣọ alápá kúkúrú, kì í ṣe pé òtútù ń mú un. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpá ju àpá lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ni àpá wíwú yìí sì ń bá jà jù, pàápàá ní àyà, èjìká àti ìsàlẹ̀ etí.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyẹn. Wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Ọsàn ni wọ́n kó fún èmi náà. A ń gún un lábẹ́rẹ́, a ń fún omi sínú rẹ̀, títí àtàǹpàkò wa fi mọ bí sírìnjì ṣe ń tako ọwọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó súnmọ́ ìdí aláìsàn. Ìwọ fúnra rẹ, koríko lo fi kọ́ irun dídì lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà kí ẹnikẹ́ni tó gbé orí fún ọ. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ dáadáa tí ẹ̀kọ́ Sushruta, oníṣẹ́ abẹ ará Íńdíà, ti ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ máa fi bàrà àti kùkúńbà kọ́ bí a ṣe ń la nǹkan, kó sì fi aṣọ àti awọ rírọ̀ kọ́ bí a ṣe ń rán an. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣeré.

Wọn ò kàn ṣàdédé yan ẹlẹ́dẹ̀. Awọ rẹ̀ jọ tiwa: ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, èyí tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rá. Bí o bá fi abẹ gé e, ọwọ́ rẹ máa mọ ìgbà tí abẹ bọ́ láti inú awọ sínú ọ̀rá. Fóòmù kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Bí ẹlẹgbẹ́ yín kan bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá itan adìẹ tí awọ ṣì wà lára rẹ̀ fún un. Ohun kan tilẹ̀ wà tí adìẹ fi dára ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ: awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti arúgbó, bí o bá fà á jù, ó ya mọ́ ọ lọ́wọ́.

Jókòó dáadáa. Gbé ẹsẹ̀ náà lé táwẹ́ẹ̀lì kí ó má bàa máa yọ̀. Fi needle holder, irin tí a fi ń di abẹ́rẹ́ mú, mú abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìdí, níhà ibi tí okùn ti so mọ́ ọn, má mú un lẹ́nu. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọ awọ lóòró gangan bí òpó tí wọ́n ń rì. Abẹ́rẹ́ yẹn tẹ̀ bí oṣù tuntun, nítorí náà ọrùn ọwọ́ ni kó yí, má tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo rí ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ń ti abẹ́rẹ́ bí ẹni ń kan ìṣó, abẹ́rẹ́ á sì wọ́. Bó ṣe jìn sí etí ọgbẹ́ níhìn-ín ni kó jìn sí i lọ́hùn-ún. Bí o bá fẹ́ ta kókó, yí okùn mọ́ ẹnu irin náà lẹ́ẹ̀mejì lákọ̀ọ́kọ́, kí o yí i lẹ́ẹ̀kan sí òdìkejì, kí o tún padà sí ti àkọ́kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ sápá kan náà, ó máa yọ̀. Kí o wá fà á kí etí méjèèjì kan ara wọn, kí wọ́n gbé orí sókè díẹ̀ bí ètè ọmọ tó ń bínú. Má fún un pa. Ojú ọgbẹ́ máa wú lọ́jọ́ kejì, bí o bá ti fún un lónìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé etí rẹ̀ lọ́la.

Wò ó. Tú u. Tún un rán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀.

Oníṣẹ́ abẹ kan, Rodney Peyton, to ẹ̀kọ́ irú èyí sí ìpele mẹ́rin ní 1998. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ kó yá, láìsọ̀rọ̀. Á tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, á máa ṣàlàyé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin lẹ máa pàṣẹ, olùkọ́ á máa ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn lọwọ́ yín tó kàn án. Ìgbà kẹta yẹn ni wọ́n sábà ń fò bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí wọ́n bá fò ó, ìwọ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ ẹ ṣe é fún ara yín.

Ti gígé ńkọ́? Wo ibi tí awọ ń fà sí kí o tó gbé abẹ. Ní 1861, Karl Langer ní Vienna fi irin róbótó gún ara òkú káàkiri. Ihò tí ìwọ máa rò pé yóò rí róbótó, ṣe ló là gbọọrọ sí apá kan. Ó tẹ̀ lé àwọn ihò náà, ó sì ya bí awọ ara ṣe ń fà láti orí dé ẹsẹ̀. Bí o bá gé tọ ọ̀nà ìfà yẹn, àpá á fara pamọ́, bí o bá dá a lábùú, á fẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ò lè fi èyí hàn ọ́ dáadáa, wo bí iwájú orí bàbá rẹ ṣe ń hun jọ bí wọ́n bá ń wo ìròyìn. Bí o bá sì ń gé kókó kan tó yọ lára kúrò, kí ojú gígé rí bí ewé, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀. Bó bá kúrú jù, igun rẹ̀ á yọ gọngọ, etí ajá ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè é. Àwọn àfín tí oòrùn ń jẹ lára, tí jẹjẹrẹ awọ ń bá ní kékeré, àwọn ni mo ń rò bí mo ṣe ń kọ èyí.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, ìṣirò ni, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Lidocaine 1% ní mílígíráámù 10 nínú mílílítà kan. Bí kò bá ní adrenaline (oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀) nínú, mílígíráámù 3 fún kílò kan ni wọ́n kọ́ mi pé kí n má ṣe kọjá. Ọmọ kílò 10, mílílítà 3 péré nìyẹn, kò tó ṣíbí ìmutíì kan. Ṣe ìṣirò yìí sókè ketekete níwájú ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, kí ó mọ́ ọ lẹ́nu.

Mo tún rí àwòrán awọ oníke tí o fi ránṣẹ́. Ó pupa bí awọ òyìnbó! Okùn dúdú hàn kedere lórí rẹ̀, àmọ́ lórí èjìká àwa, tàbí láàárín irun orí, wàá wá a títí lọ́jọ́ yíyọ. Béèrè okùn aláwọ̀ búlúù. Ọjọ́ yíyọ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ fún aláìsàn kó tó kúrò níwájú rẹ: ti ojú ní nǹkan bí ọjọ́ 5, ti ẹsẹ̀ 10 sí 14.

Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kì í sunkún, kì í sì í fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Roger Kneebone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti rí èyí, ni wọ́n bá so awọ àtọwọ́dá mọ́ ara ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Fi pátákó tó le sábẹ́ fóòmù kí abẹ́rẹ́ má bàa wọlé, so ó mọ́ apá ẹlẹgbẹ́ rẹ, fi aṣọ bo ìyókù, kó wá máa bi ọ́ pé, "Dókítà, ṣé ẹ ti ṣe èyí rí?" Kọ́ bí o ṣe máa dáhùn láìpurọ́: "Mo ṣì ń kọ́ ọ, mà, ọ̀gá mi ló dúró tì mí yìí. Ṣé ẹ gbà kí n ṣe é?" Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá a ò bá tiẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ tí o bá lè sọ ọ́, tí ọ̀gá dúró tì ọ́ lóòótọ́, tí aláìsàn sì gbà, lọ rán an, màá gbàdúrà fún ọ.

Má fi ìka mú abẹ́rẹ́ láé, ì báà ṣe lórí fóòmù. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́ níbẹ̀ ló máa ṣe ní wọ́ọ̀dù. Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta? Méjì lo sọ fún mi, mẹ́ta ni. Fi káàdì rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n rí i pẹ̀lú ojú mi.

Mo ti ra ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà, wọ́n wà nínú firísà. Bí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ àti èmi á jókòó sídìí tábìlì. Bàbá rẹ ti rí wọn, wọ́n ń béèrè ìgbà tí pẹpẹsúùpù máa jinná. Mo ti lẹ bébà mọ́ àpò ọ̀rá tí wọ́n wà nínú rẹ̀: "TI ÀBẸ̀KẸ́ NI. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ SÈ É."

Èmi ni,
Màmá rẹ.